Ọ̀rọ̀ Oscar Wilde: èwo ló sọ, èwo ni wọ́n fi sí i lẹ́nu?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ìyá kan:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọbìnrin mi ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa eré orí ìtàgé ní yunifásítì. Láti ìgbà tí wọ́n ti ní kí wọ́n ka Oscar Wilde, ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ló ń fi sórí WhatsApp rẹ̀ láràárọ̀. Èyí tó fi síbẹ̀ kẹ́yìn ní: 'Ìwọ ṣáà jẹ́ ara rẹ, gbogbo ẹlòmíì ti ní ẹni tó ń jẹ́ wọn.' Ó dùn létí mi, àmọ́ nígbà tí mo bi í pé inú ìwé wo ló wà, kò mọ̀. Mo tún gbọ́ pé wọ́n sọ ọkùnrin náà sẹ́wọ̀n. Ṣé òun ló sọ ọ̀rọ̀ yìí? Ṣé ọlọ́gbọ́n ni lóòótọ́, àbí aláwàdà tí ẹnu rẹ̀ dùn lásán? Bí èmi náà bá fẹ́ kà á, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Ìdáhùn:

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ ṣeun tí ẹ bi í léèrè ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ síwájú. Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn: Wilde kọ́ ló sọ ọ́. Kò sí nínú eré kankan tó kọ, kò sí nínú ìtàn rẹ̀, kò sí nínú àròkọ rẹ̀, kò sì sí nínú àwọn lẹ́tà rẹ̀ tí wọ́n kó jọ tẹ̀ jáde. Ó ti kú tipẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ayédèrú yìí ti gba ààyè mọ́ ojúlówó lọ́wọ́. Wilde sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn yìí kan náà níbi méjì tó dá mi lójú. Lọ́dún 1891, nínú àròkọ tó pè ní The Soul of Man under Socialism, ó ní "Mọ ara rẹ" ni wọ́n kọ sẹ́nu ọ̀nà ayé àtijọ́, pé "Jẹ́ ara rẹ" ni wọn yóò kọ sẹ́nu ọ̀nà ayé tuntun. Lọ́dún 1897, nígbà tó wà lẹ́wọ̀n, ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà gígùn tí a mọ̀ sí De Profundis pé ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹlòmíì ni wọ́n: èrò tó wà lọ́kàn wọn, ẹlòmíì ló rò ó, ìgbé ayé wọn, àfarawé ni, ohun tó ń gbóná lọ́kàn wọn gan-an, ẹnu ẹlòmíì ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó wà lórí fóònù ọmọ yín. Ti orí fóònù ń gbà wá léjìká pé a káre. Ti Wilde ń bi wá pé nínú gbogbo ohun tí à ń pariwo pé a gbà gbọ́, èwo ni àwa fúnra wa jókòó rò? Ẹni tó bá fi ayédèrú yẹn sójú ìwé láìmọ ibi tó ti wá ti ṣe ohun tí ojúlówó ń bá wí. Ẹ má fi bá ọmọ náà jà o. Ẹ kàn kà á fún un.

Èyí nìkan kọ́ ni wọ́n fi sí i lẹ́nu. Ìtàn wà pé nígbà tó gúnlẹ̀ sí New York ní oṣù January ọdún 1882, àwọn aṣọ́bodè bi í pé kí ló gbé wá, ó ní òun kò gbé nǹkan kan wá àfi ọgbọ́n orí òun. Àwọn oníròyìn rọ́ lọ bá a nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n kọ ohun púpọ̀ tó sọ, kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó kọ gbólóhùn yìí. Ó tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, tí Wilde ti wà nínú sàréè, kó tó jáde nínú ìwé. Wọ́n tún máa ń sọ pé nígbà tó ń kú lọ ní Paris, ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn ni pé òun àti bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá òun jọ ń jà, pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ kúrò. Ó sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ikú ni, níbi tí òun àti ọ̀rẹ́ ti ń tàkúrọ̀sọ. Ó kú ní ọjọ́ 30 oṣù November ọdún 1900, ní ẹni ọdún 46, ní òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní Hôtel d'Alsace, kò sì ráyè ṣe àpárá kankan ní ọjọ́ náà.

Kí ló dé tí gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn fi ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀? Nítorí pé ẹnu rẹ̀ ni àwọn ará ìgbà rẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ kí wọ́n tó mọ ìwé rẹ̀. Akéwì W. B. Yeats, ọmọ Ireland bíi tirẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí: ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ pé pérépéré bíi pé ó ti jókòó kọ ọ́ ní gbogbo òru, síbẹ̀ tó jẹ́ pé ìgbà náà ló ń bọ́ sí i lẹ́nu. Ilé ló ti kọ́ ọ. Dublin ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 16 oṣù October ọdún 1854. Dókítà ojú àti etí ni bàbá rẹ̀, Sir William Wilde, àmọ́ ọkùnrin náà tún máa ń kó àlọ́ àti ìtàn àwọn ará oko jọ. Akéwì ni ìyá rẹ̀, Jane, tí ó ń fi orúkọ Speranza kọ ewì sínú ìwé ìròyìn The Nation pé kí Ireland bọ́ lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, ìyá yìí ló kó àwọn ìtàn náà jọ tó fi ṣe ìwé ní 1887. Nílé wọn ní Merrion Square, àwọn ọ̀mọ̀wé, akéwì àti àwọn olóṣèlú máa ń pé jọ, ẹni tó bá mọ̀rọ̀ ọ́n sọ ni wọ́n ń kàn sáàárá sí. Ọmọ tó bá dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ sísọ.

Ó kàwé pẹ̀lú. Ó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà fún èdè Gíríìkì ní Trinity College ní Dublin, ó kọjá sí Oxford, ó sì ṣe ipò kìíní níbẹ̀. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó rò pé àwàdà lásán ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń ka Plato, ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, ní èdè Gíríìkì ni ẹ ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣe é. Wilde máa ń mú ọ̀rọ̀ tí gbogbo àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbà láìrò, á yí i lórí kodò, á wá dúró wò ó bóyá yóò ṣì dúró. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ pé ọ̀run ni wọ́n ti ń so ìgbéyàwó pọ̀. Algernon, ọ̀dọ́kùnrin onígbádùn inú The Importance of Being Earnest, ní ìkọ̀sílẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lọ́run. Ẹ rẹ́rìn-ín tán, ẹ wá rò ó: bí ìkọ̀sílẹ̀ bá gba ẹnì kan lọ́wọ́ ìyà, kí ló dé tí a ò ní pè é ní iṣẹ́ Ọlọ́run? Àwa Yorùbá kò gbọ́dọ̀ rí èyí bí àjèjì. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, irú ojú yìí ló fi wo iná. Àjálù ni gbogbo èèyàn rí. Òun rí ilé tuntun tí wọ́n máa kọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi Wilde lóye wà níhìn-ín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ sí i. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní ọgbọ́n Wilde, Wilde fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀dá inú eré ló ń sọ ọ́, ẹ̀dá náà sì ní ohun tó ń wá. Ẹ mú gbólóhùn tó lókìkí jù lọ: "Kò sí ohun tí mi ò lè kọ̀, àfi ìdẹwò." Lord Darlington ló sọ ọ́ nínú Lady Windermere's Fan, eré tó kọ́kọ́ sọ Wilde di gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé eré ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní ọjọ́ 20 oṣù February ọdún 1892. Ta ló ń sọ ọ́ fún? Ìyàwó ilé kan tí kò tíì pé ọdún méjì nílé ọkọ, tí Darlington fẹ́ fà kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń dẹ okùn ni. Bí a bá yọ ọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀, tí a kọ ọ́ sára ife tíì, a ti yọ eyín rẹ̀ kúrò.

Ìran kẹta eré yẹn kan náà ni mo fẹ́ kí ẹ wò pẹ̀lú mi. Àárín òru ni, ní ilé Darlington. Àwọn ọkùnrin mélòó kan ti ilé fàájì dé, wọ́n ń mu sìgá, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ obìnrin ṣeré. Ìyàwó ilé tí mo wí yẹn ti sá kúrò nílé nítorí ó rò pé ọkọ òun ń yan àlè, ẹ̀yìn kọ́tìnì inú yàrá yẹn gan-an ló sì sá pa mọ́ sí. Darlington kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó rò pé obìnrin náà ti kọ òun, ìbànújẹ́ sì ti mú un. Inú ipò yìí ló ti sọ pé inú gọ́tà ni gbogbo wa wà, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wa ń wo ìràwọ̀. Ẹnì kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í pé kí ni wọ́n ń pè ní ẹni tí kò gba ohun kankan gbọ́. Darlington ní ẹni tó mọ iye tí wọ́n ń ta ohun gbogbo, tí kò sì mọ iyì ohun kankan. Gbólóhùn yìí wà níbi gbogbo lónìí. Àwọn oníwàásù ń lò ó, àwọn olóṣèlú ń lò ó. Mi ò tíì rí ẹyọ ẹnì kan tó ka ìdáhùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Cecil Graham, ọ̀dọ́ tó bi í ní ìbéèrè náà, dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé ẹni tí ìfẹ́ ń pa bí ọtí, òun ni ẹni tó ń rí iyì tí kò mọ́gbọ́n dání lára ohun gbogbo, tí kò sì mọ iye tí wọ́n ń ta ẹyọ kan ṣoṣo lọ́jà.

Ṣé ẹ rí i? Wilde kò fi Darlington sílẹ̀ kó borí. Ó fún ẹnìkejì ní ọ̀rọ̀ tó mú bíi tirẹ̀, ó sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì dojú kọra. Ọgbọ́n rẹ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì, kò sí nínú ọ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá àwọn ìwé tí wọ́n ń to ọ̀rọ̀ Wilde sí lọ́kọ̀ọ̀kan jà: ìdajì ìjíròrò ni wọ́n ń tà fún wa.

Bí eré yẹn ṣe parí tún fi ibi tí Wilde dúró sí hàn ju gbogbo àpárá inú rẹ̀ lọ. Obìnrin tí ìyàwó ilé náà rò pé ó ń gba ọkọ lọ́wọ́ òun, ìyá tó bí i ni, kò sì mọ̀. Ìyá yìí ló jáde síwájú àwọn ọkùnrin lóru ọjọ́ náà, tó ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́ kí ọmọ lè gba ẹ̀yìn sá lọ sílé. Ọmọ náà, tó bẹ̀rẹ̀ eré pẹ̀lú ìdájọ́ líle fún gbogbo obìnrin tó bá ṣìnà, ní nígbà tó yá pé òun kò gbà mọ́ pé a lè pín èèyàn sí rere àti búburú bíi pé ìran méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Kò sì mọ títí eré fi tán pé ìyá òun ni.

Ní báyìí, The Importance of Being Earnest. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní ilé ìṣeré St James's ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 14 oṣù February ọdún 1895. Ọ̀dọ́kùnrin méjì ló ń purọ́ orúkọ: olúkúlùkù wọn ní Ernest lòún ń jẹ́, nítorí pé ọmọbìnrin tó wu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti búra pé òun kò ní fẹ́ ẹlòmíì àfi ẹni tó bá ń jẹ́ Ernest. Ìtàn náà fúyẹ́. Àmọ́ ìran kan wà nínú rẹ̀ tí mi ò rò pé mo lè kà sú láyé, ìran tí Lady Bracknell ti ń fọ̀rọ̀ wá Jack, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì náà, lẹ́nu wò bóyá ó yẹ láti fẹ́ ọmọ òun.

Ìyá yìí jókòó, ó mú ìwé kékeré àti pẹ́ńsù jáde. Ó kọ́kọ́ sọ fún Jack pé orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn tí òun kọ sílẹ̀, pé àkọsílẹ̀ kan náà ni òun àti Duchess of Bolton jọ ń lò, àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni. Ó bi í bóyá ó ń mu sìgá. Jack jẹ́wọ́ pé òun ń mu ún. Ìyá ní inú òun dùn, pé ó yẹ kí ọkùnrin ní iṣẹ́ kan tó ń ṣe, àwọn tó ń jókòó lásán ti pọ̀ jù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó bi í bóyá ó mọ ohun gbogbo tàbí kò mọ nǹkan kan. Jack ní òun kò mọ nǹkan kan. Ìyá tún gbóríyìn fún un. Ó ní ẹ̀kọ́ ayé òde òní kò nítumọ̀ rárá, pé oríire ni pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀kọ́ kì í mú nǹkan kan jáde lára ẹnikẹ́ni, nítorí bó bá ń mú nǹkan jáde ni, ewu ńlá ni yóò jẹ́ fún àwọn ọlọ́lá. Ó béèrè owó tó ń wọlé fún un. Ẹgbẹ̀rún méje sí mẹ́jọ pọ́n-ùn lọ́dún. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó béèrè ilé. Ilé wà ní Belgrave Square, nọ́ńbà 149. Ìyá mi orí: ẹ̀gbẹ́ tí kò gbayì nìyẹn, àmọ́ a lè yí ìyẹn padà. Jack bi í pé ṣé ayé tó ń gba tibí tí kò gba tọ̀hún ni ẹ máa yí padà, àbí ẹ̀gbẹ́ ilé? Ó ní méjèèjì, bó bá pọn dandan.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó ní ó ku àwọn ohun kéékèèké. Ṣé àwọn òbí rẹ wà láàyè? Ẹ kíyè sí i pé òbí ni "ohun kékeré", pé lẹ́yìn owó àti ilé ló tó kàn wọ́n. Jack ní òun ti pàdánù àwọn méjèèjì. Ibẹ̀ ni ìdáhùn tí gbogbo ayé mọ̀ ti jáde: kí èèyàn pàdánù òbí kan, a lè pè é ní àjálù, kó pàdánù méjèèjì, ó jọ àìbìkítà. Nígbà tó wá hàn pé ńṣe ni wọ́n rí Jack nínú báàgì aláwọ dúdú kan, ní ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹrù àwọn èrò ọkọ̀ sí ní stéṣàn Victoria, ní ojú irin tó ń lọ sí Brighton, ìyá ní ojú irin yòówù kó jẹ́, kò kan òun. Ìmọ̀ràn tó fún un ni pé kó tètè wá ẹbí díẹ̀ ní, kó sì gbìyànjú láti mú òbí kan ṣoṣo wá, ì báà ṣe akọ tàbí abo, kí àsìkò òde tó parí.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó nínú ilé tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí àna rí yóò mọ ohùn yẹn. Ohun tó mú kí ìran yìí ju àwàdà lọ ni pé àwọn tó jókòó wò ó lálẹ́ ọjọ́ náà, irú Lady Bracknell gan-an ni wọ́n, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó bá di ìran ìkẹyìn, ìyá yìí kan náà kọ̀ kí Algernon, ọmọ arábìnrin rẹ̀, fẹ́ Cecily, ọmọbìnrin tó wù ú, títí wọ́n fi sọ fún un pé ọmọ náà ní 130,000 pọ́n-ùn nípamọ́. Ojú ẹsẹ̀ ló ní ọmọ náà rẹwà gan-an, nígbà tí òun wá wò ó dáadáa. Ó tún sọ fún wọn pé nígbà tí òun fẹ́ Lord Bracknell, òun kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, àmọ́ òun kò jẹ́ kí ìyẹn dí òun lọ́nà. Gbólóhùn kan yẹn ni gbogbo ìtàn ayé obìnrin náà. Akúùṣẹ́ ló wọlé, òun ló wá ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn tó kù síta. Ọmọ Ireland tó ń gbé láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló lè rí wọn kedere tó bẹ́ẹ̀, ní tèmi o. George Bernard Shaw, òǹkọ̀wé eré, ọmọ Dublin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò fẹ́ràn eré yìí, ó ní kò ní ọkàn. Mo bọ̀wọ̀ fún Shaw, àmọ́ mi ò bá a gbà. Ọkàn wà níbẹ̀. Lady Bracknell ni kò ní in.

Ẹ wá béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n. Alẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré yìí ni ẹjọ́ náà ti ń bọ̀. Ọlọ́lá kan, Marquess of Queensberry, bàbá ọ̀dọ́kùnrin tí Wilde fẹ́ràn, wá sí ilé ìṣeré láti wá da ibẹ̀ rú, wọn kò jẹ́ kó wọlé. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ó fi káàdì sílẹ̀ fún Wilde ní ilé fàájì rẹ̀, ó kọ ẹ̀sùn sára rẹ̀ pé Wilde ń ṣe bí ẹni tó ń bá ọkùnrin lò pọ̀. Wilde pè é lẹ́jọ́ pé ó ba òun lórúkọ jẹ́. Àṣìṣe tó pa á nìyẹn, nítorí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1885 ti sọ ìbálòpọ̀ èyíkéyìí láàárín ọkùnrin àti ọkùnrin di ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba.

Agbẹjọ́rò Queensberry ni Edward Carson, tí òun àti Wilde jọ wà ní Trinity nígbà èwe. Ohun àkọ́kọ́ tó fi mú un kéré gan-an. Wilde ti sọ nílé ẹjọ́ pé ẹni ọdún 39 lòun. Carson, tó mọ̀ pé ẹgbẹ́ òun ni, jẹ́ kó jẹ́wọ́ pé ó ti lé ní 40. Irọ́ ọjọ́ orí, lẹ́yìn tó ti búra, ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, fún ìgbà pípẹ́, Wilde ló ń borí. Carson bi í bóyá ó ti nífẹ̀ẹ́ ọ̀dọ́kùnrin kankan bí wèrè rí, ó ní òun kò tíì júbà ẹnikẹ́ni láyé àfi ara òun. Gbogbo ilé ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹ̀dá inú eré ara rẹ̀. Nígbà náà ni Carson dárúkọ ìránṣẹ́ kan, ó bi í wẹ́rẹ́ pé, ṣé o fẹnu kò ó lẹ́nu rí? Wilde ní rárá o, ọmọ náà burẹ́wà jù. Carson kò rẹ́rìn-ín. Ó bi í pé, ṣé nítorí burẹ́wà ni o ò fi ṣe é? Ó bi í lẹ́ẹ̀kan, ó bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó tún bi í, Wilde sì ń wá ọ̀rọ̀, kò rí i. Ẹyin lọ̀rọ̀ lóòótọ́.

Ní ọjọ́ 5 oṣù April, ẹjọ́ tó pè túká, wọ́n sì mú òun fúnra rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mi ò ní fi bò pé lára àwọn tó wá jẹ́rìí takò ó lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀dọ́ tálákà tó ti fún lówó wà níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ ẹjọ́ náà wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò rò pé ohun tí wọ́n fi jẹ ẹ́ níyà tọ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù May ọdún 1895, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún méjì pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára fún un. Wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára pátákó ilé ìṣeré ṣáájú, kí àwọn èèyàn lè máa wo eré rẹ̀ láìrántí ẹni tó kọ ọ́.

Ìbéèrè yín lórí bóyá ọlọ́gbọ́n ni, ibi ẹ̀wọ̀n ni mo ti rí ìdáhùn tó dá mi lójú. Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Reading, nọ́ńbà ni wọ́n ń pè é: C.3.3, ìyẹn ẹ̀ka C, àjà kẹta, yàrá kẹta. Ní oṣù tó kẹ́yìn tó lò níbẹ̀, wọ́n kó ọmọdé mẹ́ta wá sẹ́wọ̀n nítorí pé wọ́n dẹ okùn mú ehoro, wọn kò sì rówó ìtanràn san. Wilde kọ ìwé pélébé sí wọ́dà kan tó ń ṣàánú rẹ̀, Martin. Ó ní kó jọ̀wọ́ bá òun wádìí orúkọ àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ nítorí ehoro, àti iye owó ìtanràn náà. Ṣé òun lè san án, kí wọ́n tú wọn sílẹ̀? Bó bá ṣeé ṣe, òun yóò gbà wọ́n jáde lọ́la. Kò sí àwàdà kankan nínú rẹ̀. Kò yí ọ̀rọ̀ kankan lórí kodò.

Ọjọ́ 19 oṣù May ọdún 1897 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó gbọ́ pé wọ́n ti lé wọ́dà náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ó fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, tí ebi ń pa, ní bisikíìtì. Wilde, tí ojú gbogbo ayé ń tì nítorí rẹ̀, tó yẹ kó sá pa mọ́, jókòó ó kọ lẹ́tà gígùn sí ìwé ìròyìn Daily Chronicle. Ó ṣàlàyé bí ẹ̀rù ṣe ń ba ọmọdé nínú yàrá ẹ̀wọ̀n, bí ó ṣe ń sunkún tí kò lè jẹ oúnjẹ tí wọ́n gbé fún un. Ó ní ọmọdé kò lè lóye ìyà tí àwùjọ fi ń jẹ ẹ́, nítorí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àwùjọ. Bàbá tàbí ìyá ló mọ̀. Mo ka gbólóhùn yẹn sí ọgbọ́n tó ju gbogbo àpárá inú eré rẹ̀ lọ. Ojú kan náà ló fi rí i, ojú ẹni tó ń wo ohun tí gbogbo èèyàn ti gbà láìrò. Ẹ̀rín nìkan ni kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí The Importance of Being Earnest. Kò gùn, ọ̀fẹ́ ló sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Project Gutenberg, nítorí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti tán lórí rẹ̀ tipẹ́. Ẹ má kà á sínú. Ẹ̀yin àti ọmọ yín ni kẹ́ ẹ jọ kà á sókè. Kẹ́ ẹ̀yin ṣe Lady Bracknell, kí òun ṣe Jack. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀, nítorí àwọn ẹ̀dá yẹn kò mọ̀ pé àwọn ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọn ló dá wọn lójú. Òṣèré tó bá ń ṣẹ́jú sí àwọn òǹwòran ti ba eré náà jẹ́. Ẹ sọ èyí fún ọmọ yín bó bá máa ṣe é ní ilé ẹ̀kọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, Lady Windermere's Fan. Ẹ lè fo Salome, eré rẹ̀ mìíràn, ná. Ó lẹ́wà, àmọ́ òmíràn pátápátá ni, èdè Faransé ló sì kọ́kọ́ fi kọ ọ́. Ẹ ka lẹ́tà orí àwọn ọmọ ẹlẹ́wọ̀n yẹn kí ẹ tó fọwọ́ kan De Profundis, torí pé De Profundis wúwo, ó tún kún fún ìbínú sí ẹnì kan ṣoṣo. Bí ẹ bá máa rà á, ẹ kíyè sí èyí tí ẹ rà. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1905, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Robert Ross ti gé ohun tó lé ní ìdajì rẹ̀ dànù. Ọdún 1962 ni odindi rẹ̀ tó jáde bó ṣe kọ ọ́, nínú àkójọ àwọn lẹ́tà rẹ̀. Àwọn kan ṣì ń tẹ èyí tí wọ́n gé yẹn, nítorí náà ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé odindi ni, kí ẹ tó sanwó.